Yìnyín Ń Yọ́ Lókè Ayé: Ta Ni Yóò Máa Gba Owó Ibodè?

Máàpù ayé tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ara ògiri iléèwé ń tan ojú jẹ. Lórí rẹ̀, ìlà oòrùn Rọ́ṣíà wà lọ́wọ́ ọ̀tún pátápátá, Alaska tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ òsì pátápátá, àfi bí ẹni pé àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, aládùúgbò ni wọ́n. Ojú omi tóóró tó là wọ́n láàárín, tí wọ́n ń pè ní Bering, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà 85 lọ. Tí ẹ bá rí irú máàpù tí wọ́n yà sára bọ́ọ̀lù, ẹ tẹ̀ ẹ́ ba kí ẹ lè wo orí rẹ̀. Ẹ ó rí òkun kan láàárín, tí Rọ́ṣíà, Nọ́wè, Greenland, Kánádà àti Alaska yí ká. Arctic Ocean ni àwọn olóyìnbó ń pè é; Òkun Àkítíìkì ni àwa yóò máa pè é.

Òkun náà tutù débi pé ojú rẹ̀ ń dì gbagidi. Yìnyín yìí kì í dúró lójú kan: á máa gbòòrò ní gbogbo ìgbà òtútù títí di oṣù Kẹta, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, á sì kéré jù lọ ní oṣù Kẹsàn-án. Láti 1979 ni sátẹ́láìtì ti ń wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Láàárín 1981 sí 2010, tí a bá pín in dọ́gba, èyí tó máa ń ṣẹ́ kù ní oṣù Kẹsàn-án jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.2 kìlómítà níbùú lóròó. Ní oṣù Kẹsàn-án 2012, mílíọ̀nù 3.4 péré ló kù. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì fẹ̀ tó ilẹ̀ Nàìjíríà lọ́nà mẹ́ta.

Kí ló dé tó fi ń yára tó bẹ́ẹ̀? Yìnyín funfun, ó ń dá ìtànṣán oòrùn padà sójú ọ̀run. Omi òkun dúdú, ńṣe ló ń fa ooru mu. Bí yìnyín bá ṣí kúrò lójú omi, omi náà á gba ooru sára, ooru náà á sì tún yọ́ yìnyín mìíràn. Ìdí kan nìyí tí agbègbè yẹn fi ń móoru ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin bí gbogbo ayé ṣe ń móoru. Ohun tó tún kan àwọn awakọ̀ òkun ni pé yìnyín àtijọ́, tó ti lo ọdún púpọ̀ tó sì nípọn, ti dín kù gan-an. Èyí tó pọ̀ níbẹ̀ báyìí kò ju ọmọ ọdún kan lọ, ó fẹ́lẹ́, ọkọ̀ alágbára sì lè fọ́ ọ kọjá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọkọ̀ lè gbà la òkun yìí já. Èkíní gba etíkun Rọ́ṣíà lọ, láti erékùṣù Novaya Zemlya títí dé Bering. Northern Sea Route ni orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, Ọ̀nà Àríwá ni a ó máa pè é. Èkejì gba àárín àwọn erékùṣù Kánádà. Ẹ̀kẹta la àárín gbùngbùn òkun kọjá gbọọrọ. Ọ̀nà Àríwá ni ọkọ̀ ń gbà jù, òun náà ni awuyewuye pọ̀ lé lórí jù, nítorí náà òun la ó pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n fẹ́ kó ẹrù láti Yokohama ní Jàpáànì lọ sí Rotterdam ní Nẹ́dálándì. Ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé kí ọkọ̀ gba ìsàlẹ̀ Éṣíà, kó wọ Òkun Pupa, kó gba ọ̀nà omi Suez tí wọ́n gbẹ́ ní Íjíbítì, kó tó já sí Yúróòpù. Ìrìn náà lé ní 20,000 kìlómítà. Bó bá gba Ọ̀nà Àríwá, nǹkan bíi 13,000 ni. Suez fúnra rẹ̀ kò sì ṣeé fọkàn tán bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹta 2021, ọkọ̀ Ever Given há sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ sì tò, wọn ò rí ọ̀nà kọjá. Nígbà tí 2023 fi máa parí, àwọn Houthi ní Yemen ti ń yìnbọn lu ọkọ̀ lórí Òkun Pupa, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì ṣẹ́rí padà, wọ́n ń gba ìsàlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà lọ. Ní oṣù Kẹwàá 2025, ọkọ̀ kọ̀ǹtéénà kan tó ń jẹ́ Istanbul Bridge ti Ningbo ní Ṣáínà gba Ọ̀nà Àríwá, ó gúnlẹ̀ sí Felixstowe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọjọ́. Tó bá jẹ́ Suez ni, ìrìn bẹ́ẹ̀ máa ń gbà ju ogún ọjọ́ lọ dáadáa.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìròyìn ń dúró sí nìyẹn, wọ́n á ní ti Suez ti parí. Ẹ má tíì gbà wọ́n gbọ́. Ní 2024, ẹrù tó gba Ọ̀nà Àríwá kò pé mílíọ̀nù 38 tọ́ọ̀nù. Ti Suez, lọ́dún tí nǹkan bá rọgbọ, lé ní bílíọ̀nù kan. Nínú mílíọ̀nù 38 yẹn pàápàá, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 péré ló rin ọ̀nà náà láti òpin kan dé òpin kejì. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù jẹ́ ẹrù tí Rọ́ṣíà ń kó jáde láti etíkun ara rẹ̀: epo rọ̀bì, irin bíi nickel, àti gáàsì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ààrẹ Putin pàṣẹ ní 2018 pé kí ẹrù ibẹ̀ di mílíọ̀nù 80 ní 2024. Kò dé ìdajì.

Gáàsì yìí ló yẹ kí ẹ fi ojú sí, nítorí òun ló gbé ọ̀nà náà dúró. Láti Yamal ló ti ń wá, ní etíkun àríwá Rọ́ṣíà, níbi tí wọ́n kọ́ èbúté Sabetta sí. Wọ́n á mú un tutù títí yóò fi di omi, kó má baà gba àyè púpọ̀. Gáàsì olómi la ó máa pè é. Ilé iṣẹ́ Novatek ti Rọ́ṣíà ló ni ìpín tó pọ̀ jù, àwọn Faransé àti àwọn ará Ṣáínà náà sì ní tiwọn. Nígbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2017, wọ́n ti kan irú ọkọ̀ kan tí kò sí tẹ́lẹ̀: ó ń gbé gáàsì olómi, ó sì tún ń fọ́ yìnyín fúnra rẹ̀, yìnyín tó nípọn tó mítà méjì. Àwọn tó ń kó gáàsì olómi jáde ní Bonny lọ́dọ̀ tiwa kò ní irú ìyọnu yìí, bẹ́ẹ̀ ọjà Yúróòpù kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń ná.

Oníkọ̀ǹtéénà ní tirẹ̀ fẹ́ràn àkókò tó dájú ju ọ̀nà tó kúrú lọ. Ó fẹ́ já ẹrù ní Singapore, kó gbé òmíràn ní Colombo, kó tún yà sí èbúté mìíràn. Lórí Ọ̀nà Àríwá, kò sí ìlú ńlá tó lè yà sí. Omi ibẹ̀ kò jìn láwọn ibì kan. Ní ojú omi tóóró Sannikov, jíjìn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 13 lọ, àwọn ọkọ̀ tó tóbi jù á sì fi ìdí gbálẹ̀ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ń béèrè owó gọbọi. Ní oṣù Kọkànlá 2021, omi dì ṣáájú àkókò, bí ogún ọkọ̀ sì há sínú yìnyín títí àwọn tó máa yọ wọ́n fi dé. MSC àti CMA CGM, tí wọ́n wà lára àwọn tó tóbi jù nídìí kọ̀ǹtéénà, ti sọ ní 2019 pé àwọn ò ní gba ibẹ̀ nítorí àyíká.

Tí ẹni kan bá ṣì fẹ́ kọjá, Rọ́ṣíà ló máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 1932 ni ìjọba Soviet ti dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ fún àkóso ọ̀nà yìí. Láti 2018, Rosatom, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó agbára núkílíà, ló ń ṣe é. Ọkọ̀ yóò kọ ìwé ṣáájú, wọ́n á wo bó ṣe lágbára tó, wọ́n á sì sọ bóyá dandan ni kí ọkọ̀ afọ́yìnyín ṣáájú rẹ̀, èyí tí olówó ọkọ̀ máa sanwó rẹ̀. Kí ló kan agbára núkílíà nínú ọ̀rọ̀ yìnyín? Nítorí pé òun ló ń wa àwọn ọkọ̀ afọ́yìnyín tó lágbára jù níbẹ̀, láti orí Lenin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Rọ́ṣíà ní mẹ́jọ ní 2025. Amẹ́ríkà ní ẹyọ kan ṣoṣo tó lágbára gan-an, Polar Star, èyí tí wọ́n ti ń lò láti 1976, epo ló sì ń mu.

Àmọ́ lábẹ́ òfin wo ni Rọ́ṣíà fi ń ṣe èyí? Òfin òkun àgbáyé ti 1982, tí wọ́n ń pè ní UNCLOS, fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní máìlì orí òkun 12 láti etíkun rẹ̀, èyí tó dà bí ilẹ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀ títí dé máìlì 200, ẹja àti epo abẹ́ omi jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Abala 234 wá ṣe àyọkúrò kan: níbi tí yìnyín bá bo òkun fún apá tó pọ̀ jù nínú ọdún, tó fi jẹ́ ewu fún ìrìn ọkọ̀, orílẹ̀-èdè tó wà ní etí omi náà lè ṣòfin lórí ọkọ̀ títí dé máìlì 200, kí ìdọ̀tí má baà ba omi jẹ́. Orí gbólóhùn yẹn ni Rọ́ṣíà jókòó lé.

Ẹ rántí àwọn oníbodè ayé àtijọ́ tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kó tó wọ ìlú. Nígbà tí ogun àti àwọn ajínigbé bá wà lójú ọ̀nà, ẹni tó ń san án mọ ohun tó ń sanwó fún. Bí ewu bá tán, tí ọ̀nà dá ṣáká, oníṣòwò á bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé kí ni owó yìí wà fún. Yìnyín ni ewu Ọ̀nà Àríwá. Bó ṣe ń yọ́ ni oníbàárà ń pọ̀ fún Rọ́ṣíà, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé àṣẹ tó fi ń gba owó ń rẹ̀ dànù. Bí ọjọ́ kan bá dé tí yìnyín kò bo ibẹ̀ ju oṣù mẹ́rin, márùn-ún lọ lọ́dún, abala 234 kò ní rí ẹsẹ̀ dúró lé. Lójú tèmi, kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ó sì yà mí lẹ́nu bí wọn kì í sábà sọ ọ́.

Rọ́ṣíà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí kò fi fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ní 1985, ìjọba Soviet fa ìlà yí àwọn erékùṣù rẹ̀ ká, wọ́n ní àwọn ojú omi tóóró tó wà láàárín wọn jẹ́ omi inú ilé àwọn. Amẹ́ríkà kò gbà. Lójú tirẹ̀, ojú omi tí ọkọ̀ gbogbo ayé lè kọjá ni wọ́n. Ìjà náà ti pẹ́. Ní 1967, ọkọ̀ afọ́yìnyín Amẹ́ríkà méjì, Edisto àti Eastwind, fẹ́ gba ojú omi tóóró Vilkitsky kọjá, àwọn Soviet ní kò ṣeé ṣe, wọ́n sì yí orí padà.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Kánádà, ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà, ń sọ ohun kan náà tí Rọ́ṣíà ń sọ. Ọkọ̀ epo Amẹ́ríkà kan, Manhattan, la àárín àwọn erékùṣù rẹ̀ kọjá ní 1969, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Kánádà sáré ṣòfin. Polar Sea, ọkọ̀ afọ́yìnyín Amẹ́ríkà, tún kọjá ní 1985 láìtọrọ àyè, inú bí Kánádà. Ní 1988 àwọn méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn pé ọkọ̀ afọ́yìnyín Amẹ́ríkà yóò máa gba àṣẹ kó tó kọjá, ṣùgbọ́n pé kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ti yí èrò rẹ̀ padà. Bí Amẹ́ríkà bá ṣẹ́gun Rọ́ṣíà nídìí òfin yìí, Kánádà náà ti pàdánù nìyẹn.

Ṣáínà ńkọ́? Kò ní etíkun kankan lórí Òkun Àkítíìkì. Láti ìpẹ̀kun àríwá rẹ̀ dé agbègbè náà lé ní kìlómítà 1,000. Síbẹ̀, nínú ìwé tí ìjọba rẹ̀ gbé jáde ní oṣù Kìíní 2018, ó pe ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó sún mọ́ Àkítíìkì. Ohun tó ń lé e kò ṣòro lóye: púpọ̀ nínú epo àti ẹrù rẹ̀ ń gba ojú omi tóóró Malacca, lẹ́bàá Singapore, níbi tí ẹlòmíràn lè dí mọ́ ọn lọ́jọ́ ìjà. Láti ìgbà tí ogun Ukraine ti mú kí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù gbé òfin ìjìyà ọrọ̀ ajé lé Rọ́ṣíà lórí, owó Ṣáínà ti di ohun tí Rọ́ṣíà kò lè ṣe láìní. Ṣáínà kò tíì bá a jà lórí owó ibodè. Ó ń san án, ó sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rin ọ̀nà náà.

Ibi tí wọ́n ti máa ń jókòó sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí ni Ìgbìmọ̀ Àkítíìkì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996 pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mẹ́jọ. Ní oṣù Kẹta 2022, lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà kó ogun wọ Ukraine, àwọn méje yòókù dá ìpàdé dúró. Nígbà tí Fínlándì wọ NATO ní 2023, tí Sweden tẹ̀ lé e ní 2024, àwọn méje náà di ọmọ ẹgbẹ́ ológun kan ṣoṣo, wọ́n sì kọjú sí Rọ́ṣíà tó kó ọkọ̀ abẹ́ omi rẹ̀ sí ẹ̀bá Murmansk.

Ó ku ọ̀nà kẹta, èyí tó la àárín òkun. Ibẹ̀ kọjá máìlì 200 gbogbo wọn, kò sí oníbodè kankan níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń retí pé kí 2050 tó dé, ó kéré tán oṣù Kẹsàn-án kan yóò wà tí yìnyín kò ní tó mílíọ̀nù kan kìlómítà níbùú lóròó lórí gbogbo òkun náà. Àwọn orílẹ̀-èdè kò tíì jọ fọwọ́ sí ohun kan lórí ẹni tí yóò máa darí ọkọ̀ gba àárín yẹn. Ti ẹja ni wọ́n ti yanjú: àdéhùn kan tó fìdí múlẹ̀ ní 2021, tí Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà, Kánádà, Ṣáínà àti àwọn mìíràn jọ fọwọ́ sí, ló ní kí ẹnikẹ́ni má pẹja tà níbẹ̀ fún ọdún 16 ná.