Mọ́tò Tó Ń Fúnra Rẹ̀ Sitáàtì: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Bi Oníríwáyà Yín

Ẹni tó bá gbé mọ́tò síta ní Gánmọ lọ́sàn-án oṣù kẹta mọ bí ìjókòó ṣe máa ń jóni nídìí. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ní kí oníríwáyà bá àwọn so àpótí kékeré tó ń sitáàtì mọ́tò láti òkèèrè. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì nínú ilé, ẹ́ńjìnnì á jí, ẹ́síì á ti mú inú mọ́tò tutù kí ẹ tó jáde. Òmíràn wà tó ń fúnra rẹ̀ sitáàtì tí agbára bátìrì bá lọ sílẹ̀, tó sì ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Kò burú. Mímú mọ́tò jí rọrùn. Kí àpótí náà mọ ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ jí ló le, ibẹ̀ sì ni àwọn kan ti ń fo iṣẹ́.

Láyé àtijọ́, irin ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì níwájú mọ́tò. Ọdún 1912 ni mọ́tò Cadillac ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo sitátà oníná tí Charles Kettering ṣe. Iná kékeré ni kọ́kọ́rọ́ wa ń fi ránṣẹ́ sí rílè. Rílè ló ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá tó ti bátìrì wá, torí sitátà lè fa ju 100 ámúpù lọ, wáyà kọ́kọ́rọ́ ò sì lè gbé e. Kọ́kọ́rọ́ yìí ni àpótí náà ń sín jẹ. Á kọ́kọ́ tan iná, á dúró kí pọ́ńpù gbé epo wá, á wá sitáàtì, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ ní kété tí ẹ́ńjìnnì bá jí. Bí kò bá tètè jọ̀wọ́, sitátà lè jóná. Nítorí náà, ẹ bi oníríwáyà yín: báwo ni àpótí yìí ṣe máa mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti jí? Ó lè ní òun á so ó mọ́ wáyà tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì, tàbí pé á máa wo fóltì bátìrì, tó ń gòkè láti bíi 12.6 sí bíi 14 tí alternator bá ti ń gbé iná. Tó bá ní "á kàn mọ̀ ni", ẹ gbé mọ́tò yín lọ síbòmíì.

Gíà ló kàn. Ọ̀pọ̀ wa tó ń wa onígíà ọwọ́ máa ń fi í sínú gíà tá a bá gbé e sórí ilẹ̀ tó da gẹ̀rẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì báyìí, mọ́tò á fò síwájú. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti so ó mọ́ mọ́tò onígíà ọwọ́. Ti ọ̀tómátíìkì ní suwíìṣì kan tí kì í jẹ́ kó sitáàtì àyàfi tó bá wà ní P tàbí N, àmọ́ àwọn kan a máa so wáyà rẹ̀ pọ̀ torí pé ó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ má gbà. Kí wọ́n tún fi suwíìṣì sí bónẹ́ẹ̀tì: mẹkáníìkì lè ti ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ fáànù nígbà tí ọmọ yín ń fi rìmóòtù ṣeré ní pálọ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ooru ẹ́ńjìnnì kéré, inú omi ni ẹnu rẹ̀ wà. Omi ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń wà ní bíi digíríì 90, fáànù á sì wọlé tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ àṣà wa: wọ́n á yọ tamositáàtì dànù, wọ́n á so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ mọ́, epo á sì máa lọ.

Èyí tó burú jù ni pé omi ni sẹ́ńsọ̀ yìí ń wọ̀n, kì í ṣe irin. Tí họ́ọ̀sì bá bẹ́ lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́, tí omi jò tán, abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lè padà sílẹ̀ nígbà tí irin ń jó. Ẹni tó wà nínú mọ́tò lè gbóòórùn rẹ̀. Mọ́tò tó fúnra rẹ̀ jí nínú ọgbà ò ní ẹni tó máa gbóòórùn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí sẹ́ńsọ̀ kejì wà lára irin orí ẹ́ńjìnnì, kí wáyà iná ọ́ìlì wọ inú àpótí, kí àpótí sì pa ẹ́ńjìnnì tí ooru bá ti ń sún mọ́ 110.

Tí wáyà sẹ́ńsọ̀ bá já pátápátá, àpótí lè rò pé òtútù ń mú ẹ́ńjìnnì, bíi digíríì 40 sísàlẹ̀ òdo. Òtútù bẹ́ẹ̀ ò sí ní Gánmọ, kódà nígbà ọyẹ́. Àpótí tó dáa á mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́, á sì kọ̀ láti sitáàtì.

Èéfín náà ńkọ́? Gáàsì carbon monoxide inú èéfín ò ní òórùn, ó sì ń pani lójú oorun. Jẹnẹrétọ̀ ti kọ́ wa. Ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ ní 2018 pé ó ju èèyàn 20 lọ tó ti kú ní Amẹ́ríkà láti 2006, nítorí mọ́tò aláìníkọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gbàgbé láti pa nínú gáréèjì. Ẹni tí gáréèjì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ yàrá, kó má ṣe lo ti bọ́tìnnì tàbí èyí tó ń fúnra rẹ̀ jí níbẹ̀ rárá. Níta gbangba pàápàá, kí wọ́n ṣètò kó kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10.

Ní ti wáyà, kí fúúsì wà nítòsí bátìrì gan-an, kí wọ́n fi sódà jó oríkèé pọ̀. Téèpù nìkan máa ń yọ́ nínú ooru. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ènìyàn jìnnà sí i, kẹ́ ẹ wá tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì sẹ́ńsọ̀, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Tó bá sitáàtì nínú méjèèjì, ẹ má tíì sanwó.