Ara ọmọ tutù, ṣùgbọ́n ibà kò tíì lọ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ní abúlé kan lọ́nà Kétu, ara ọmọ ọdún méjì gbóná ní alẹ́. Ìyá rẹ̀ fún un ní párásítámọ̀, ó sì fi aṣọ tútù nù ún lára. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara ọmọ ti tutù. Ó mu ẹ̀kọ díẹ̀. Inú ìyá dùn, ó gba oko lọ. Ní ọjọ́ kejì, ara ọmọ tún gbóná. Ìyá tún fún un ní òògùn kan náà, ara tún tutù. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó, wá wo ọwọ́ ọmọ yìí bí ó ti funfun. Kí ló ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?"

"Ìyá, ara rẹ̀ ti tutù o."

Ìbéèrè ìyá àgbà yìí dára púpọ̀. Ohun kan ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ní tòótọ́. Ara gbígbóná kọ́ ni àìsàn. Àmì àìsàn ni. Àwọn dókítà a máa ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: ohun tó fa àìsàn, ọ̀nà tí àìsàn ń tọ̀ nínú ara, àti àmì tí ojú wa ń rí. Ẹni tó bá ń lé àmì nìkan, èéfín ló ń fẹ́ dànù. Iná ṣì ń jó.

Kí ló fa ibà?

Àwa àgbẹ̀ a máa sọ pé oòrùn ló fa ibà, tàbí epo tí a jẹ jù. Oòrùn lè mú kí ara gbóná, kí orí sì máa fọ́ni. Ṣùgbọ́n oòrùn kò lè fún ènìyàn ní ibà tí à ń sọ yìí. Kòkòrò kan ló fà á. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Dókítà ará Faransé kan, Alphonse Laveran, ló kọ́kọ́ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ sójà kan ní Constantine, ní ilẹ̀ Àlùjẹ́ríà, ní ọdún 1880. Yànmùyánmú ló ń gbé kòkòrò náà láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Alẹ́ ni ó sábà máa ń jẹni.

Ọ̀nà tí ó ń tọ̀ nínú ara

Kí wákàtí kan tó pé lẹ́yìn tí yànmùyánmú jẹ ọmọ, kòkòrò náà ti dé inú ẹ̀dọ̀. Níbẹ̀ ni ó fara pamọ́ sí fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ń ṣeré, ó ń jẹun, kò sí àmì kankan. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀.

Gbogbo wa mọ ohun tí kòkòrò ń ṣe fún àgbàdo nínú àká. Ó dá ihò kékeré sí ara hóró, ó yé ẹyin sí i, ó sì dí ihò náà. Bí ẹ bá wo hóró náà, ó dára lójú. Ọmọ kòkòrò ń jẹun nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá jáde, èèpo àti ìyẹ̀fun ló kù.

Ẹ̀jẹ̀ wa náà ní hóró. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ni à ń pè wọ́n. Àwọn ló mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa. Kòkòrò ibà wọ inú hóró, ó ń jẹ ohun tó wà níbẹ̀, ó sì ń bí sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, hóró náà bẹ́. Kòkòrò tó lé ní mẹ́wàá lè jáde láti inú hóró kan ṣoṣo, kí olúkúlùkù wọn sì wá hóró tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ hóró bá bẹ́ pọ̀, ìdọ̀tí inú wọn á dà sínú ẹ̀jẹ̀. Ara á mọ̀ pé ọ̀tá ti wọlé, á sì gbóná láti bá a jà. Òtútù á kọ́kọ́ mú ọmọ, á máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ara á gbóná, òógùn á bò ó, ara á tutù. Àwọn kòkòrò yòókù wà nínú hóró mìíràn, wọ́n ń jẹun lọ. Nínú ara ọmọdé, wọn kì í dúró de ọjọ́ méjì yìí pérépéré. Ara rẹ̀ lè gbóná lójoojúmọ́. Párásítámọ̀ ń mú ara tutù, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan kòkòrò kan.

Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń gbé afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Bí wọ́n bá dín, ó dà bí ọjà tí ẹrù rẹ̀ pọ̀, tí alárù rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn díẹ̀ tó kù á sáré lọ, wọn á sáré bọ̀. Ìdí nìyí tí ọkàn ọmọ fi ń lù kìkì, tí ó ń mí lemọ́lemọ́, tí kò lè ṣeré. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á funfun. Bí ẹ bá fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, inú rẹ̀ á funfun pẹ̀lú.

Nípa gìrì

Hóró tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ, gìrì lè mú ọmọ, tàbí kí ó sùn kí ó má lè jí. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè dín kù jọjọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Ó ń mú kí ṣúgà náà dín kù sí i. Ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnu rẹ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí kan náà.

Ibi tí a ti lè dí ọ̀nà rẹ̀

Àpò ẹ̀fọn ń dí ọ̀nà kí kòkòrò tó wọ ara. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ń bá a jà kí ó tó ráyè nínú ẹ̀dọ̀. Kò dí ọ̀nà náà tán, nítorí náà ọmọ tó gbà á ṣì gbọ́dọ̀ sùn nínú àpò ẹ̀fọn. Bí kòkòrò bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, òògùn àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní CTA ló ń pa á. Láti ọdún 2004 ni Bẹ̀nẹ̀ ti fi í rọ́pò Nivaquine, nítorí kòkòrò ti mọ Nivaquine borí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sábà ń lò ó. Ní ọjọ́ kejì, ara ọmọ á ti tutù, ọ̀pọ̀ ìyá á sì fẹ́ pa ìyókù mọ́ de ọmọ mìíràn. Kòkòrò díẹ̀ tó kù ni yóò tún bí sí i.

Wọ́n gbé ọmọ ti abúlé yẹn dé ilé ìwòsàn. Wọ́n gún ìka rẹ̀, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí ohun àyẹ̀wò. Kò tó ìdajì wákàtí tí wọ́n fi rí i pé ibà ni. Ó lo òògùn rẹ̀ tán. Ara rẹ̀ tutù kíá, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò pupa lọ́jọ́ náà. Inú egungun ni ara ti ń ṣe hóró ẹ̀jẹ̀ tuntun, ó sì ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa fún un ní ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́, kí wọ́n sì gbé e padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 14, kí wọ́n lè tún wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà ló gbé e lọ.