Àṣé obìnrin ni Dókítà Barry!

Oṣù keje ọdún 1865 ni àṣírí tú ní London. Obìnrin tó tún òkú Dókítà James Barry ṣe ló sọ ọ́ síta pé obìnrin ni! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀gá dókítà ni nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní ogójì ọdún tó fi ṣe é.

Margaret Bulkley lorúkọ ẹ̀ gan-an, ọmọ Cork ní Ireland. Nígbà yẹn, wọn kì í gba obìnrin láyè kó kọ́ṣẹ́ dókítà, ló bá wọ ṣòkòtò, ó gboyè ní Edinburgh lọ́dún 1812.

Iṣẹ́ ọ̀hún sì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní Cape Town lọ́dún 1826, ó fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ìyàwó Munnik, ìyá yè, ọmọ yè, nígbà tó jẹ́ pé ikú ló sábà máa ń tẹ̀lé e. Wọ́n sọ ọmọ náà ní James Barry. Àmọ́ ẹnu ẹ̀ mú jù! Orí ẹṣin ló jókòó sí tó fi bú Florence Nightingale níwájú àwọn sójà.

Dókítà tó kọ “ọkùnrin” sínú ìwé ikú ẹ̀ ní kò kan òun, ì báà ṣakọ, ì báà ṣabo.