Títún Ọta Ìbọn Dì Nílé

Ní Amẹ́ríkà tí mo ń gbé, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yìnbọn sí àmì fún ìgbádùn ló ń tún ọta wọn dì fúnra wọn. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú ọta: kòròfo idẹ, primer tó ń ṣáná, ẹ̀tù, àti orí ọta tó ń fò lọ. Kòròfo nìkan la lè tún lò.

A ó fọ̀ ọ́, a ó wò ó bóyá ó ti sán. A ó yọ primer àtijọ́, a ó fi ẹ̀rọ tẹ kòròfo padà sí ìwọ̀n rẹ̀, a ó sì fi primer tuntun sí i. Ẹ̀tù ló kàn, kí a tó tẹ orí ọta mọ́ ọn lẹ́nu.

Ibi ẹ̀tù ni ewu wà. Grain ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. 7,000 grain ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Ìwé àwọn tó ṣe ẹ̀tù ni mo ń tẹ̀lé, láti ìwọ̀n tó kéré jù. Bí ẹ̀tù bá wọ kòròfo kan lẹ́ẹ̀mejì, ìbọn lè fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi tọ́ọ̀ṣì wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa tó wà nílé, ẹ kà á fún ìmọ̀ nìkan o: òfin Nàìjíríà kò gbà kí aládàáni máa ṣe ọta nílé.