Orúkọ kan náà, ìwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin òbí, kòkòrò E. coli wà nínú ìfun gbogbo wa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì ṣe wá ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ní 2011, ẹ̀yà rẹ̀ kan, O104:H4, jà ní Jámánì. Kòkòrò tó kéré jù ú lọ ti wọ inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì fi àbùdá tí ń ṣe màjèlé sí i lára. Àwọn tó ju 3,800 ṣàìsàn; kíndìnrín àwọn tó ju 800 bàjẹ́, àwọn tó ju 50 sì kú. Àwọn ọmọdé ni irú àìsàn yìí sábà máa ń mú. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn àgbàlagbà ni, pàápàá àwọn obìnrin. Èso apálá ilẹ̀ Spéìn ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ gbèsè ọ̀ràn tí wọn kò dá. Àṣé èéhù irúgbìn tí a jẹ ní tútù ni! Bí a bá sè é dáadáa, iná ìbá ti pa á.