Ara Líle Ni Wọ́n Fi Ń Wá Ṣe Àyẹ̀wò: Ìlàlóye fún Àwọn Obìnrin Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lórí Jẹjẹrẹ Ọrùn Ilé Ọmọ

Ta ni àyẹ̀wò yìí wà fún?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra níwájú tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ni pé obìnrin yóò dé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lójú ara rẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí omi olóòórùn tó ti ń bá a fínra láti ọjọ́ pípẹ́, yóò sì ní àyẹ̀wò ni òun wá ṣe, nígbà tí àbúrò tó sìn ín wá láti Ìgbòtako tàbí Òde Ìrèlè yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, tí yóò máa bá a di báàgì mú, nítorí pé kò sí ohun tó ń dun òun. Èyí tó jókòó síta yẹn gan-an ni àyẹ̀wò wà fún. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ti kọjá ẹni àyẹ̀wò, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó gbà lọ lọ́jọ́ náà, kò sì gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò.

Ọrùn ilé ọmọ ni ibi tóóró tí ilé ọmọ ti ṣí sí ojú ara obìnrin. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní HPV, tó ń gba inú ìbálòpọ̀ ran ènìyàn, ló ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú jẹjẹrẹ ibẹ̀. Harald zur Hausen, onímọ̀ ìṣègùn ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó fi ìdí èyí múlẹ̀, gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2008, nítorí náà àìsàn yìí kì í ṣe àfiṣe, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé obìnrin ń ṣe ìṣekúṣe, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti ní ìbálòpọ̀ rí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni kòkòrò yìí ti wọ ara wọn lọ́jọ́ kan, tí ara wọn sì ti lé e jáde láìlo oògùn. Lára ìwọ̀nba tí kò bá ti kúrò, yóò máa yí awọ ọrùn ilé ọmọ padà díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń tó ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ, àmọ́ ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ lára obìnrin tó ní kòkòrò HIV tí kò sì lo oògùn rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò ní dunni, kò ní ṣẹ̀jẹ̀, kò ní rùn. Ìgbà tí kò dunni yìí ni ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn jù.

Àwíjàre tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbọ́ pọ̀. Opó yóò ní ọkọ òun ti kú tipẹ́, kí ni òun tún ń yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó wọlé nígbà tí ọkọ wà láyé kì í bá ọkọ lọ sí sàréè. Àgbàlagbà obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró yóò ní ti àwọn ọmọdé ni; bí kò bá tíì ṣe é rí, tirẹ̀ náà ni. Abiyamọ yóò na káàdì aboyún síwájú pé wọ́n ti yẹ òun wò; ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ tí wọ́n gbà nígbà oyún kò kan ọrùn ilé ọmọ rárá. Ẹni tí kò mọ ju ọkùnrin kan lọ láyé rẹ̀ yóò ní ọkàn òun balẹ̀, àmọ́ kò mọ iye tí ọkùnrin náà mọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yìí ní ọmọ ọdún 30, kí ẹni tó ní HIV sì bẹ̀rẹ̀ ní 25. Èyí tí wọ́n fi omi kíkan ṣe yẹ kó máa wáyé ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Fún ẹni tí kò ní HIV, èyí tí wọ́n fi ń wá kòkòrò HPV fúnra rẹ̀ lè tó ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá kí wọ́n tó tún un ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Obìnrin yóò dùbúlẹ̀, nọ́ọ̀sì yóò fi irinṣẹ́ kan ṣí ojú ara rẹ̀, yóò tan iná sí i, yóò sì fi òwú tó rẹ sínú omi kíkan irú fínígà kan ọrùn ilé ọmọ. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ibi tí awọ rẹ̀ ti yí padà yóò funfun. Ojú funfun yìí fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí jẹjẹrẹ, ẹkún tí àwọn kan máa ń bú sí nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ kò sì yẹ. Lára ẹni tó ti ju ọmọ ọdún 50 lọ, ibi tó yẹ kí wọ́n wò ti máa ń wọ inú lọ, ìdí nìyẹn tí wíwá kòkòrò HPV fi dára jù fún un.

Ohun tó ń dá obìnrin padà sílé

Nǹkan oṣù ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni fífi álọ́ọ̀mù, omi iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí àgbo fọ inú ojú ara ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, èyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń ṣe nítorí ìtìjú, kí nọ́ọ̀sì má baà gbóòórùn. Kò sí nọ́ọ̀sì tó retí òórùn dídùn níbẹ̀. Ọjọ́ méjì ṣáájú, kò gbọdọ̀ sí fífọ inú, kò gbọdọ̀ sí ìbálòpọ̀. Omi lásán lóde ara tó.

Ní ti owó, kò sí ẹni tó láṣẹ láti ta nọ́ńbà ìjókòó lẹ́nu géètì. Owó yòówù tó bá wà láti san, ibi ìsanwó ni wọ́n ti ń san án, rìsíìtì sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmú àti ẹ̀jẹ̀ ríru

Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá 2023, tó sì dé Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ìpele kejì ní 2024, ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ló wà fún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá tó mú ọmọ wá kò lè gba tirẹ̀ mọ́ ọn, àmọ́ ó lè fi ọjọ́ náà béèrè àyẹ̀wò.

Ti jẹjẹrẹ ọmú yàtọ̀, nítorí obìnrin tó bá fọwọ́ kan kókó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wá kíákíá. Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu, tó la jẹjẹrẹ ọmú já, tó dá ẹgbẹ́ BRECAN tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọmú sílẹ̀ ní 1997, wà lára ẹ̀rí pé a máa yè é. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀ kò nílò ọjọ́ kan pàtó.

Lẹ́yìn ìtọ́jú

Wọ́n lè fi irinṣẹ́ gbígbóná jó ojú funfun tí omi kíkan bá fi hàn kúrò lọ́jọ́ kan náà bó bá yẹ bẹ́ẹ̀. Omi yóò máa dà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ìbálòpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà obìnrin yóò padà wá lẹ́yìn ọdún kan fún àyẹ̀wò mìíràn. Nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí ló ṣe dára kí ọkọ ti gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà ṣáájú. Bí àlàyé rẹ̀ bá ṣòro fún ìyàwó, kí ó mú un dání wá, nọ́ọ̀sì yóò bá àwọn méjèèjì sọ ọ́.