Báwo ni DNA àwọn ará Cape Verde ṣe tú àṣírí ogun tí wọ́n bá ibà jà fún 500 ọdún?

Kò sí ẹni tó ń gbé ní erékùṣù Cape Verde kí àwọn Potogí tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1460. Santiago ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, wọ́n sì kó àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lẹ́rú lọ síbẹ̀. Àtọmọdọ́mọ àwọn méjèèjì ló pọ̀ jù níbẹ̀ lónìí.

Ibà náà bá wọn dé. Lemọ́lemọ́ ló ń jà ní Santiago, ju àwọn erékùṣù yòókù lọ.

Kí ni Duffy?

Kí kòkòrò ibà tí wọ́n ń pè ní vivax tó lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀, ó nílò èròjà kan lára rẹ̀ tó ń jẹ́ Duffy. Ẹ fi wé ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù ló ní i. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí kan àwa Yorùbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ní i, nítorí àyípadà kékeré kan nínú jínì wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?

Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2021, àwọn onímọ̀ Fásitì Duke ní Amẹ́ríkà yẹ DNA àwọn ará Cape Verde tó lé ní 500 wò. Ní Santiago, nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún DNA wọn ló wá láti Áfíríkà.

Tó bá jẹ́ pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, iye yẹn náà ló yẹ kó wà níbi jínì Duffy. Àmọ́ èyí tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní ìdá 80.

Ẹ̀rí míì tún wà. Bí òbí bá ń fi DNA lé ọmọ lọ́wọ́, ṣe ni wọ́n máa ń gé e tí wọ́n á sì tún un tò. Bí ìran ti ń gorí ìran, ègé tó wá láti ibì kan á máa kúrú. Ṣùgbọ́n ní àyíká Duffy, ègé ti Áfíríkà ṣì gùn gbọọrọ, àmì pé kíákíá ló pọ̀, tí kò sì tíì pẹ́. Ní àwọn erékùṣù yòókù, àmì yìí kò hàn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó túmọ̀ sí kò dùn-ún gbọ́. Láàárín nǹkan bí ìran 20, àwọn tó ní ilẹ̀kùn náà kò rí ọmọ tó dàgbà tó ti àwọn yòókù.

Ṣé ọmọ Yorùbá wá lè fọkàn balẹ̀?

Rárá o. Falciparum, ibà tó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà, kò nílò ilẹ̀kùn Duffy rárá. Kódà, wọ́n ti rí vivax lára àwọn tí kò ní Duffy ní Madagascar àti Ethiopia.

Ní oṣù Kínní ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ibà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Cape Verde. Àyẹ̀wò, ìtọ́jú àti gbígbógun ti ẹ̀fọn ni wọ́n fi ṣe é.